Báálù Tó Ń Fò Nílẹ̀ Nílẹ̀: Èsì Mi Fún Àǹtí Aládìrẹ Ní Ìtòkú

Ẹ kú ọjà o, àǹtí mi, ọjà á tà o. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní àbúrò yín, àbígbẹ̀yìn ìyá yín, ti parí NDA, iléèwé àwọn ọ́físà ológun, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Éà Fọ́ọ̀sì báyìí, wọ́n sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi jẹ́ẹ̀tì fò nílẹ̀ nílẹ̀, ó wá ń pè yín lórí fóònù tẹ̀ríntẹ̀rín pé kò sóhun tó dùn tó o láyé, pé lọ́jọ́ kan òun máa gbé e kọjá lórí Olúmọ kí gbogbo Ìtòkú jáde wá wo òun. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń kọ́ wọn ní nǹkan tó léwu báyẹn, ṣé ó dùn lóòótọ́, kí ló lè pa á níbẹ̀, àti pé ṣé kẹ́ ẹ máa bá a yọ̀ ni àbí kẹ́ ẹ máa gbààwẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn lèmi náà ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Àṣẹ́rò níbí, mo sì jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ gan-an tí mò ń kọ́ wọn. Mi ò ní dẹ́rù bà yín, mi ò sì ní tàn yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti adùn torí òun gan-an ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dání. Ó dùn, irọ́ kọ́ ló pa fún yín. Tí jẹ́ẹ̀tì bá wà lókè téńté ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000, ẹ lè máa sáré kìlómítà 780 ní wákàtí kan kó máa ṣe yín bíi pé ẹ dúró sójú kan, ilẹ̀ kàn ń rọra kọjá nísàlẹ̀ ni. Ẹ wá gbé eré yẹn kan náà wá sí ẹsẹ̀ bàtà 250. Tẹ́ ẹ bá ti wọ rélùwéè láti Láderin lọ sí Ìbàdàn rí, ẹ ti rí i pé igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń rọra lọ ni, ṣùgbọ́n koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ojú ò lè mú un, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Igi, òrùlé, màlúù, odò, gbogbo ẹ̀ ló ń ya wá bá yín tó sì ń wọ abẹ́ yín lọ, ẹ fọwọ́ kan stick, ọ̀pá tá a fi ń darí báálù, díẹ̀ báyìí òkè kan á yẹ̀ sápá ọ̀tún, ẹ tún fọwọ́ kàn án ẹ ti wà láàárín àfonífojì, ọkàn ń lù kìkì ṣùgbọ́n orí mọ́ kedere, kò sí gbèsè, kò sí ìjà ẹbí, kò sí nǹkan míì lọ́kàn èèyàn ju ilẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀ lọ. Ní Wales nílùú ọba, àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Mach Loop, àwọn èèyàn máa ń gun òkè lọ jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ kí wọ́n lè rí jẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwọn, tí wọ́n á máa wo ẹ̀yìn ìyẹ́ ẹ̀ látòkè. Tó bá dùn tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ń wòran, ẹ wo bó ṣe máa rí lára ẹni tó jókòó sínú ẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí ẹsẹ̀ bàtà 250 ṣe rí, ó tó mítà 76. Cocoa House n'Ìbàdàn ga tó mítà 105. Ìyẹn ni pé tí jẹ́ẹ̀tì yẹn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House, ẹni tó bá dúró sórí òrùlé máa wò ó nísàlẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 250 yẹn ni wọ́n fi ṣe gbèdéke fún jẹ́ẹ̀tì ológun lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ibì kan sì wà tí wọ́n lè gbàṣẹ kí wọ́n bọ́ sí 100. Wọn kì í gbé ọmọ tuntun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan o, ibi gíga ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ojú àti ọwọ́ ẹ̀ bá ti mọ́ ọn wọ́n á mú un sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ṣe é? Rédà ni, ẹ̀rọ tí ọ̀tá fi ń wá báálù lójú sánmà. Rédà ò lè rí ohun tí ilẹ̀ bá bò, ayé sì rí roboto, torí náà bí báálù bá ṣe lọ sókè tó ni wọ́n á ṣe tètè rí i tó. Rédà tó wà nílẹ̀ lè rí báálù tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000 láti ọ̀nà tó fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà 400, ṣùgbọ́n tí báálù yẹn bá wà ní 250, ó di nǹkan bíi kìlómítà 36 kí wọ́n tó lè fojú kàn án, tí òkè bá sì wà láàárín wọn kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú eré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kìlómítà 36 ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ọ̀tá tó rí i, kó pariwo, kó yí ìbọn, báálù ti dé orí ẹ̀. Nítorí irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ṣe jẹ́ẹ̀tì ogun Jaguar, èyí tí orílẹ̀-èdè wa rà 18 nínú ẹ̀ láyé ọdún 1980 sókè tí wọ́n kó lọ sí Mákúrdí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ayé ti kọjá ìyẹn. Wọ́n rí nǹkan wí. Nígbà ogun Iraq lọ́dún 1991, àwọn jẹ́ẹ̀tì Tornado tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń wọlé nílẹ̀ nílẹ̀ lóru lọ fọ́ pápá báálù àwọn Iraq, wọ́n pàdánù báálù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gòkè lọ sí ibi tí ìbọn ilẹ̀ ò ti lè tètè ká wọn mọ́. Ilé tiwa náà, ní July 2021, ìbọn àwọn bandit láti ilẹ̀ ló já Alpha Jet tí Flight Lieutenant Abayomi Dairo ń wà ní ààlà Zamfara àti Kàdúná, ó fò jáde, ó fi òru bojú rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́jà. Èmi ò gbà síbẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́ ọ mọ́. Tí àwọn sọ́jà bá há sínú igbó tí ìkùukùu sì bolẹ̀, ẹni tí ò mọ fífò nílẹ̀ nílẹ̀ ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Lójú ogun Ukraine tí gbogbo wa ń wò yìí, tọ̀túntòsì ló ń sá mọ́lẹ̀ torí mísáìlì tó wà lókè. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ.

Ó ku ohun tó lè pa á.

Àwọn èèyàn rò pé àyà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àyà kọ́, àkókò ni. Kìlómítà 780 ní wákàtí kan túmọ̀ sí mítà 216 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo. Tí imú báálù bá tẹ̀ sísàlẹ̀ ní dígírì kan péré, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, ó ku nǹkan bí 20 sẹ́kọ́ǹdì kó kan ilẹ̀. Tó bá tẹ̀ ní dígírì márùn-ún, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ti parí. Ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000 ẹ lè ṣe irú àṣìṣe yẹn kẹ́ ẹ wo máàpù, kẹ́ ẹ mumi, kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Nílẹ̀ nílẹ̀, àṣìṣe yẹn náà ni, kò sáàyè àtúnṣe ni.

Ohun tó sì máa ń fa àṣìṣe yẹn kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọmọ kan wà tí mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀ nínú L-39, jẹ́ẹ̀tì tá a fi ń kọ́ wọn, lápá Kánò, ọmọ tó já fáfá ni, ọwọ́ ẹ̀ tutù lórí stick. A ń wá afárá kan tó yẹ ká rí. Ó wojú aago, ó wo máàpù, ó tún wòta, afárá ò sí. Oòrùn wà lápá ọ̀tún wa, torí náà òjìji báálù wa ń sáré lórí iyanrìn lápá òsì, mo sì ń wo òjìji yẹn. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ó ń tóbi, ó tún ń súnmọ́ wa, ọmọ náà ṣì ń fi ìka tọ orí máàpù. Mo gba báálù lọ́wọ́ ẹ̀, mo fà á gòkè. Ó bi mí pé sà, kí ló ṣẹlẹ̀? Kò mọ̀. Afárá tó ń wá ti wà lábẹ́ ìyẹ́ wa nígbà yẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdí báálù nù ún. Nígbà tá a balẹ̀ mi ò bú u, mo ní kó jókòó kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ojú ẹ̀ ń wò ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sọ ọ́ dé ibi máàpù ó dákẹ́, òógùn tún bò ó.

Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé ilẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń wò, nǹkan míì tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ jẹ́ kí báálù lọ tààrà kí imú ẹ̀ gbé sókè díẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá ń yí, ibi tí báálù ń lọ lẹ máa wò, ẹ má bojú wẹ̀yìn wá ẹnìkejì yín, torí tí báálù bá ti dẹ̀gbẹ́ jù nígbà tó ń yí, imú ẹ̀ á máa wọlẹ̀ lọ láìsọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá sọnù, tójú ọjọ́ bá dàrú, tí ọkàn yín bá kàn ṣàdédé sọ pé nǹkan ò dáa, ẹ gòkè. Ẹ gòkè ná, àlàyé á tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó gbọ́n tó máa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gòkè.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á tẹ́ máàpù, wọ́n á fi rúlà fa ìlà, wọ́n á sàmì sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lórí ìlà yẹn, gbogbo òkè, gbogbo mast, gbogbo wáyà iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n á yí bírò pupa ká, wọ́n á ṣírò bí wọ́n ṣe máa gòkè tó tójú ọjọ́ bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fò ó lórí àga. Tó bá wá sílé tẹ́ ẹ bá a nínú yàrá tó dijú sórí àga onírọ́bà, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń sọ pé ìṣẹ́jú kan, odò, yí sósì, ìṣẹ́jú méjì, mast lọ́tùn-ún, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì pe wòlíì sí i o. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ló fẹ́ dàgbà.

Ẹyẹ náà wà níbẹ̀, igún, àwòdì, lékeléke, ibi tí wọ́n ń fò náà lẹ gbé jẹ́ẹ̀tì wá. Igún ò ju nǹkan bíi kílò méjì lọ ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi máa kọlu báálù á di ìlọ́po mẹ́rin, ó lè fọ́ gíláàsì iwájú, ó sì lè wọnú ẹ́ńjìnnì. Tó bá kọlù yín, ẹ fi eré tó wà lọ́wọ́ yín gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, òkè lẹ ti máa wá ro ohun tó kàn. Ọyẹ́ ńkọ́? Lápá òkè ọya, ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ àti sánmà di àwọ̀ kan náà, èèyàn ò ní mọ ibi tí ìkan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó bá parọ́rọ́ náà bẹ́ẹ̀, ojú ò lè mọ bó ṣe jìnnà tó. Tẹ́ ẹ bá sì yí kíkankíkan, ìwúwo ara á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹni tó jẹ́ kílò 80 á wá wúwo tó kílò 320, ẹ̀jẹ̀ á máa sá kúrò lórí lọ sẹ́sẹ̀, àwọ̀ á kọ́kọ́ kúrò lára gbogbo nǹkan tó ń wò, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ojú á dúdú. Wọ́n ní aṣọ tó ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀ nítorí ìyẹn, wọ́n sì kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa mí.

Wáyà ló burú jù lójú tèmi. Ẹ wo wáyà iná ńlá tó ń jáde láti Olórunṣògo ní Pápálántò, ẹ dúró sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ẹ máa rí i dáadáa torí sánmà ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó wà lókè, igbó ló wà lẹ́yìn wáyà lójú tiẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Torí náà a kì í wá wáyà, òpó là ń wá, orí òpó gan-an la sì ń gbà kọjá torí òun lojú lè rí.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń bọ̀ látàárọ̀. Ní February 3, 1998, jẹ́ẹ̀tì ológun Amẹ́ríkà kan ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ láàárín àwọn òkè Ítálì, nítòsí ìlú Cavalese, wáyà wà níbẹ̀ tó ń gbé àpótí tí àwọn èèyàn ń wọ̀ gun òkè. Báálù já wáyà yẹn. Àpótí já lulẹ̀, èèyàn 20 kú, kò ku ẹnì kan nínú wọn, báálù fúnra ẹ̀ sì balẹ̀ láyọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n má wá sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2000, àwọn ní 1000 làwọn mọ̀, èyí tó wù kẹ́ ẹ gbà, ibi tí wọ́n ti já wáyà ò tó 400. Fídíò wà nínú báálù yẹn tí wọ́n ń yà, wọ́n sì ba fídíò yẹn jẹ́ lẹ́yìn náà. Ilé ẹjọ́ ológun dá páílọ́ọ̀tì sílẹ̀ lórí ikú àwọn èèyàn ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ níyà lórí fídíò tó bà jẹ́.

Mo ti rò ó títí. Wọ́n ní máàpù wọn ò fi wáyà yẹn hàn, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn tí àbúrò yín ń sọ yẹn wà níbẹ̀. Ọmọ á fò ní 250, kò sóhun tó ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e 250 á ti mọ́ ọn lára, kò ní dà bíi tàkọ́kọ́ mọ́, ó máa fẹ́ kó tún rí bíi tàkọ́kọ́, á wá sọ̀kalẹ̀ sí 200, sí 150, kò sẹ́ni tó rí i, kò sóhun tó ṣe é náà. Ìbẹ̀rù tó ń jẹ́ kó ṣọ́ra níbẹ̀rẹ̀ ló ti ń kúrò lára ẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ò sì kúrò ńbi tó wà. Ẹni tí mo máa ń ṣọ́ jù nínú àwọn ọmọ, kì í ṣe èyí tó ń gbọ̀n, èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni.

Ó wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹnì kan bá ń wo ọmọ yẹn látilẹ̀. Láti ìgbà tí báálù ti dáyé làwọn páílọ́ọ̀tì ọ̀dọ́ ti ń lọ fi jẹ́ẹ̀tì dárà lórí ilé bàbá wọn, lórí ilé ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́, lórí ìlú tí wọ́n bí wọn sí, tí wọ́n sì ń kú síbẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n wá dárà fún. Kò sí máàpù tí wọ́n fa ìlà sí fún ìyẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ojú páílọ́ọ̀tì wà nílẹ̀ tó ń wá ilé, kì í ṣe iwájú. Abẹ́òkúta wa yìí, àpáta níbí, òkè lọ́hùn-ún, lórí òkè kọ̀ọ̀kan mast méjì mẹ́ta, láti Ìbarà dé Àdátán. Ẹ rò ó wò tí àwọn èèyàn kún Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà. Àní àwọn tó gbàṣẹ tí wọ́n sì ṣe ìdánrawò, ẹ rántí September 2018 l'Ábújá, àwọn jẹ́ẹ̀tì F-7 ń múra fún ayẹyẹ òmìnira, méjì já lulẹ̀ lápá Katampe, páílọ́ọ̀tì kan kú. Ẹ wo ti ẹni tí kò gbàṣẹ.

Torí náà, àǹtí mi, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ níbẹ̀ wà, ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tó ní òun máa kọjá lórí Olúmọ, mo mọ̀ pé ẹ rẹ́rìn-ín, ta ni ò ní rẹ́rìn-ín, orí ẹ̀ á sì ti wú. Ẹ pè é padà. Ẹ má fi àdúrà bò ó, ẹ sọ ọ́ fún un ní ṣàkó pé ẹ ò fẹ́ rí i lórí Olúmọ, ọjọ́ tó bá kọjá lórí ilé ẹ ò ní jáde wò ó, inú yín ò ní dùn sí i, ìyá yín náà ò ní dùn sí i. Olùkọ́ ẹ̀ á sọ tiẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ á sọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn ló ṣe fẹ́ kọjá lórí Olúmọ, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó wù ú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i nínú aṣọ páílọ́ọ̀tì, wọ́n máa ń pe ẹbí wá síbi tí wọ́n ti ń fi wings, àmì páílọ́ọ̀tì, sí wọn láyà, ẹ ran àdìrẹ tó dáa kẹ́ ẹ kó gbogbo ilé lọ, ẹ pariwo ẹ̀ dọ́ba níbẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá àga tó ń ta wọ́n jáde ò lè yọ ọ́. Ó lè yọ ọ́ o, àwọn àga òde òní lè gba èèyàn là kódà bí báálù bá dúró sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí báálù bá ti dojú dé tàbí tó ń já bọ́ kíkankíkan nítòsí ilẹ̀, ó lè má láàyè tó. Ẹni tó bá máa lò ó nílẹ̀ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pinnu nílé pé tí báyìí bá ṣẹlẹ̀ mo máa fà á, kò sí àkókò láti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó níbẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ẹ gbà á, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, èmi náà ní ìyá tó ń gbà á fún mi. Ẹ kàn fi èyí kún un. Páílọ́ọ̀tì tí ò sùn dáadáa, ojú ẹ̀ á máa pẹ́ kó tó rí nǹkan, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan sì ni gbogbo ohun tó ní. Àwa ẹbí la máa ń gba oorun yẹn lọ́wọ́ wọn jù. Òrùlé ìyá yín ń jò, owó iléèwé ọmọ kan ò tíì pé, bọ̀dá kan fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá, aago mọ́kànlá alẹ́ la máa pe ọmọ tó fẹ́ fò ní aago méje àárọ̀, a ó sì sunkún sí i létí. Ẹ bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ọjọ́ tó máa ń fò, tí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ bá ti tó, kí ẹnikẹ́ni má gbé wàhálà ilé pè é, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá lè dúró di ọjọ́ Sátidé.